Babaláwo kì í ṣe « devin »: àtúnkà ìwé Bernard Maupoil lórí Fá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé lórí Ifá ní èdè Faransé, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Abomey-Calavi tàbí ní Lomé, ìbáà ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń wá ọ̀rọ̀ fún apá Faransé ìwé wa yìí, ọ̀dọ̀ Bernard Maupoil ni yóò kọ́kọ́ yà sí. La Géomancie à l'ancienne Côte des Esclaves ni orúkọ ìwé rẹ̀. Institut d'ethnologie ní Paris ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1943. Ojú-ìwé rẹ̀ lé ní 600. Iṣẹ́ àṣekára ni, ó sì yẹ kí a kí olóògbé náà kú iṣẹ́ kí a tó bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n odò tí gbogbo ìlú ń pọn ni à ń yẹ̀ wò bóyá ó mọ́. Inú ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ láti máa pe babaláwo ní « devin », láti máa pe iṣẹ́ rẹ̀ ní « divination », àti láti máa rò pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la ni a rán an láti sọ. Àwọn ọmọ wa tí kò lè ka Yorùbá já gaara, tí ó jẹ́ pé apá Faransé nìkan ni wọ́n ń kà, èyí ni wọ́n ń gbé lọ sílé. Ìdí nìyí tí a fi tún ìwé náà ṣí.

Maupoil kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé ni ní Dàhòmì ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì ní sùúrù ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó jókòó, ó béèrè, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣe ohun kan tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà: ó dárúkọ àwọn tí ó kọ́ ọ. Àgbà wọn ni Gèdègbé ti Àgbómẹ̀, bokonon tí ó ti ń dá Fá fún ọba Béhanzin kí àwọn Faransé tó rọ ọba náà lóyè, kí wọ́n sì gbé e lọ sí Martinique ní 1894. Arúgbó ni Gèdègbé nígbà tí Maupoil bá a. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìjókòó náà: awo ọba tí a ṣẹ́gun jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ṣẹ́gun ọba ọ̀hún, ó ń dáhùn ìbéèrè. Ohun tí ó fi sínú lè má kéré sí ohun tí ó sọ síta. Maupoil alára kò sì pẹ́ láyé láti tún iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó kú ní àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Jámánì ní 1944, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìwé náà jáde.

Fún àwọn ará Kétu tí ó wà láàárín wa, ọ̀rọ̀ yìí tún ní ẹ̀gún mìíràn nínú. Ọmọ-ogun Àgbómẹ̀ ni ó run Kétu ní 1886. Ifá tí wọ́n sì ń dá láàfin Àgbómẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti débẹ̀; àwọn bokonon kò sẹ́ ẹ, Maupoil náà kò sì fi í pamọ́. Ẹni tí ó bá wá jókòó sí Kétu lónìí tí ó ń ka Ifá nínú ìwé náà, ẹnu awo ẹni tí ó kó ìlú rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ọ, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ẹni tí ó kó Àgbómẹ̀, ní èdè tí kì í ṣe ti ìkínní, tí kì í ṣe ti ìkejì. Ọ̀nà tí ó jìn tó báyìí kò lè má pa ọ̀rọ̀ lára.

Ibi tí ó ti kọ́kọ́ pa á lára ni èèpo ìwé. « Géomancie » jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi Gíríìkì méjì so pọ̀, ilẹ̀ àti àfọ̀ṣẹ. Ohun tí àwọn ará Yúróòpù fi ń pè ni iṣẹ́ tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní ìmọ̀ yanrìn, tí ó wọ Yúróòpù ní nǹkan bí 800 ọdún ó lé sẹ́yìn nípasẹ̀ àwọn tí ó túmọ̀ ìwé Lárúbáwá sí Látìn. Àmì 16 ni ó ní, ìlà mẹ́rin ni àmì kọ̀ọ̀kan, tóótó kan tàbí méjì sì ni ó máa ń wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ Ogbè yàtọ̀ sí Ọ̀yẹ̀kú yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ìrísí wọn jọra. Kò yà wá lẹ́nu pé ó fa ojú àwọn ọ̀mọ̀wé mọ́ra. René Trautmann, tí òun náà kọ̀wé lórí Fá ní ìgbà kan náà, fi sikidy ti Madagásíkà sínú ìwé kan ṣoṣo pẹ̀lú rẹ̀. Bóyá ọmọ ìyá ni wọ́n, bóyá àjọjọ ojú lásán ni, kí àwọn òpìtàn máa bá a lọ.

Ohun tí ó kàn wá ni pé Yorùbá ti ní orúkọ fún « géomancie » kí Maupoil tó dé. Yanrìn títẹ̀ ni. Ní Àjàṣẹ́, a mọ Alfa tí ó ń tẹ yanrìn. Kò sí ẹni tí ó ń pè é ní babaláwo, kò sì sí ẹni tí ó ń pe babaláwo ní atẹyanrìn. Ìwé ni Alfa fi kọ́ tirẹ̀. Etí àti ẹnu ni babaláwo fi kọ́ tirẹ̀, fún ọdún gbọọrọ, lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí yanrìn lórí ọpọ́n Ifá: ìyẹ̀rọ̀sùn ni, igi ni ó ti wá, kì í ṣe ilẹ̀. Bí a bá wá tú àkọlé Maupoil padà sí èdè wa láìfi kún un, « Yanrìn títẹ̀ ní Etíkun Ẹrú » ni yóò jẹ́. Ẹ fi lọ àgbà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Kétu, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó rò pé ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn Alfa ni yóò wí.

« Devin » ni ó burú jù, nítorí òun kò le lẹ́nu bí « géomancie », ó sì ń yọ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Faransé fi ń kó gbogbo ẹni tí ó bá ń sọ ohun tí ojú kò rí sínú àpò kan. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aríran wà: ojú rẹ̀ ni ó fi ń rí i, a bí i mọ́ ọn ni. Ẹlẹ́gùn wà: òrìṣà ni ó gùn ún, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, nígbà tí òrìṣà bá sì sọ̀kalẹ̀, ó lè má rántí ohun tí ó wí. Wòlíì wà: láti ìgbà tí Samuel Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, a ti rí àwọn aláṣọ funfun tí Ẹ̀mí ń bà lé, tí wọ́n ń ríran sí ọmọ ìjọ. Babaláwo kò sí nínú àwọn wọ̀nyí. Ojú rẹ̀ dá gaara, ara rẹ̀ balẹ̀, kò sí ohun tí ó gùn ún. Ohun tí ó wà lórí ọpọ́n, ìwọ tí o jókòó síwájú rẹ̀ ń rí i bí òun náà ti ń rí i. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òun lè kà á.

Ẹ wo bí a ti ń dá ẹ̀bi fún wọn, yóò yé yín sí i. Bí ọ̀rọ̀ aríran kò bá ṣẹ, a ní kò ríran. Bí ti wòlíì kò bá ṣẹ, a ní kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó gbé e. Ṣùgbọ́n bí babaláwo bá ṣìnà, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ ni pé kò mọ ẹsẹ tó, tàbí pé ó tẹ odù gba ẹ̀yìn, tàbí pé ó gbàgbé ẹbọ. Ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí, ẹ̀bi ẹni tí ó ṣi ìwé kà. Nínú ìpéjọ awo ni wọ́n ti ń dán ara wọn wò, tí ọ̀kan ń kì, tí èkejì ń já a níbi tí ó bá ti ṣe àṣìṣe. A kò gbọ́ ọ rí pé àwọn aríran pàdé láti dán ojú ara wọn wò.

(Ní Kútọnu àti ní Lomé, Faransé ìgboro ti lọ jìnnà ju « devin » lọ. « Charlatan » ni wọ́n ń pè é. Wọn kò fi í búni. Wọ́n á ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ « charlatan » bí ẹni ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ará Paris kan gbọ́ ọ.)

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó wá dá Ifá kì í sábà sọ ohun tí ó gbé e wá. Ó sọ ọ́ sí owó lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, ó fi owó náà kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Babaláwo kò gbọ́. Ó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára rẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì; ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Nínú èyí ni odù 256 ti ń jáde, méjì-méjì 16, àmúlù 240. Bí ó bá jẹ́ ikin ni, ọwọ́ rẹ̀ kan ni yóò fi gbìyànjú láti kó ikin 16 kúrò nínú èkejì. Bí ọ̀kan bá kù, ó tẹ méjì, bí méjì bá kù, ó tẹ ẹyọ kan. Kò sí ibi tí ìfẹ́ inú rẹ̀ ti lè yọ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbò yóò sọ bóyá ire ni tàbí ibi. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kì.

Ibi kíkì yìí gan-an ni « devin » ti ń já. Ẹsẹ Ifá a máa dárúkọ àwọn awo àtijọ́, a ní àwọn ni ó díá fún ẹnìkan: ó lè jẹ́ ọba, ó lè jẹ́ àgàn, ó lè jẹ́ ẹyẹ, igi, tàbí ìlú odidi. Wọ́n ní kí ó rúbọ. Ó rú u tàbí kò rú u. Báyìí ni ó rí fún un. Babaláwo á kì í tán, á tún bọ́ sí òmíràn nínú odù kan náà. Ẹni tí ó wá ni ó ń fetí sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ọ̀ràn ara rẹ̀ nínú ọ̀ràn ẹni àtijọ́, tí yóò sì wí pé èyí ni. Òun ni ó mọ ohun tí ó sọ sí owó, kì í ṣe babaláwo.

Ẹ gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ ìṣe náà dáadáa. Díá fún: wọ́n ti dá a, ó ti kọjá. Nínú ìtàn tí babaláwo ń kì, kò sí ohun tí ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan rí. « Prédire » ní Faransé ń béèrè ohun tí kò ì tíì sí, ẹsẹ Ifá sì ń ròyìn ohun tí ó ti wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan bá ń ka ọ̀rọ̀ wa, yóò ti mọ ohun tí ó jọ ọ́. Adájọ́ tí ẹjọ́ wà níwájú rẹ̀ a máa wá èyí tí a ti dá rí ní irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní « jurisprudence ». Ó sún mọ́ iṣẹ́ babaláwo ju àfọ̀ṣẹ Delphi lọ lọ́nà jíjìn.

Ẹbọ ni ẹ̀rí kejì. Bí ọ̀la bá ti dúró sójú kan tí iṣẹ́ babaláwo jẹ́ láti kà á jáde, kí ni ẹbọ wà fún? Ẹni tí ó ti kọ́ eré àwọn Gíríìkì ní ilé-ìwé mọ Tiresias, afọ́jú tí ó sọ fún Oedipus ohun tí kò ṣeé yẹ̀. « Devin » pátápátá nìyẹn. Nígbà tí Ọlá Rótìmí gbé ìtàn yẹn wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968, ó fi ọ̀rọ̀ Tiresias sí ẹnu Baba Fákúnlé. Eré náà dùn, a kò sọ pé kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹbọ kan ṣoṣo tí a gbọ́ pé Ifá béèrè níbẹ̀ ni kí a pa ọmọ titun. Onífá tí ó bá jókòó wo eré yìí kò ní ṣàì béèrè ohun tí ó dé tí wọn kò tún fi ìbò béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò ní àwọn ènìyàn ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo láti mọ ọ̀la, àti pé babaláwo náà a máa wí pé Ifá ní yóò rí báyìí báyìí. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó ń rìnrìn-àjò fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà dára. A kò ní fi ìwé wa purọ́ fún un pé kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a tilẹ̀ ń dá Fá fún ìlú lápapọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Tofá ni wọ́n ń pè é, àwọn ìwé ìròyìn sì ń gbé e jáde bí ẹni ń gbé ìròyìn òjò. Ṣùgbọ́n nínú Tofá pàápàá, ìkìlọ̀ àti ẹbọ kì í gbẹ́yìn: ohun tí ìlú gbọ́dọ̀ ṣe ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ohun tí yóò bá ìlú lórí ìjókòó nìkan. Ọ̀la wà nínú iṣẹ́ babaláwo bí ìwòsàn ti wà nínú iṣẹ́ oníṣègùn. A kì í torí èyí pe oníṣègùn ní asọtẹ́lẹ̀ ìwòsàn.

Ohun tí ó mú wa fẹ́ràn ìwé Maupoil síbẹ̀síbẹ̀ ni pé inú rẹ̀ ń bá àkọlé rẹ̀ jà. Ẹ lọ sí ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ kpoli, odù tí ènìyàn gbà nínú igbó Fá, èyí tí àwa ń pè ní igbódù níbi ìtẹ̀fá. Ẹni tí ó bá ti gba kpoli rẹ̀ kò gba ìròyìn ọ̀la kankan. Èèwọ̀ ni ó gbà, oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, aṣọ tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀, àti ìtàn tí yóò fi mọ irú ẹni tí òun jẹ́ títí ọjọ́ alẹ́. Bí a bá ń wá Faransé fún èyí, « devin » kò sí ní ìtòsí. Gbogbo ìpín tí ó kẹ́yìn ìwé náà sì ni a kó fún àwọn odù méjì-méjì 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtàn rẹ̀, orin rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ohùn òṣìṣẹ́ ìjọba ti rẹlẹ̀, tí ohùn Gèdègbé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ga. Ó dà bí ẹni pé bí ìwé náà ti ń gùn sí i ni òǹkọ̀wé ń gbọ́ràn sí i.

Ẹni tí ó gbọ́ ọ jù ú lọ nínú àwọn ará Faransé ni Pierre Verger, a sì mọ ìdí rẹ̀: kò dúró lẹ́yìn tábìlì. Ní Kétu ni ó ti di babaláwo ní 1953, ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Fátúmbí. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde ní Faransé, àkọlé rẹ̀ ni Ewé, le verbe et le pouvoir des plantes chez les Yoruba. « Le verbe », ọ̀rọ̀, ni ó ṣáájú agbára. A fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé àkọlé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wande Abimbola náà, nígbà tí ó fi èdè wa kọ tirẹ̀ ní 1968, Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ni ó pè é: ohùn ẹnu, kì í ṣe ojú.

Àjọ UNESCO kò ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. « Système de divination Ifa » ni wọ́n kọ nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2005, orúkọ Nàìjíríà nìkan ni ó sì wà níbẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n kéde ní 2001 jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀. A kò mọ ohun tí ó jẹ́ kí eégún inú eré ré ààlà kọjá tí odù kò fi lè ré e. Ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń túmọ̀ fún ìwé ìròyìn yìí kò pọ̀. Kí wọ́n fi « babaláwo » sílẹ̀ ní babaláwo, bí Faransé ti fi « imam » àti « rabbin » sílẹ̀ láìpè wọ́n ní ohun mìíràn. Kí a kọ « consulter Ifá » níbi tí a ti ń kọ « prédire l'avenir ». Kí « devin » máa wà fún aríran, bí aríran bá gbà á. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti àwọn ará Fọ̀n, « bokonon » náà ti wà, kò nílò ìtumọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì fẹ́ ka Maupoil, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn odù wà. Kí ó fi ìka tọ orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Gbe-Medji, Yeku-Medji, Woli-Medji, Di-Medji, títí kan Fu-Medji. Àwọn ará Fọ̀n ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún iye náà. « Wè » ni wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n bá ń ka iṣu lọ́jà. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, méjì ni wọ́n ń wí.